Òjò kò jẹ́ kí àwọn ọmọ jáde: eré wo ni wọ́n lè ṣe nínú ilé tí kì í ṣe fóònù?

Ìyá Ọ̀pẹ́
Ẹ kú òjò o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ ọdún 3 àti ọmọ ọdún 5 ló wà lọ́dọ̀ mi. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì là ń gbé, kò sí àgbàlá tí wọ́n lè sáré sí. Bí mo bá gba fóònù, ẹkún ni wọ́n á bú sí. Eré tí wọ́n á ti máa ṣe bí ọlọ́jà, bí awakọ̀, bí arìnrìn-àjò ni mo ń wá, èyí tí mo lè tẹ́ sílẹ̀ fún wọn kí n sì máa dáná lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kì í ṣe orúkọ eré nìkan.

Olùkọ́ Jẹ́lé-ó-sinmi
Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Ìyá Ọ̀pẹ́. Ọjà ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹní kan, ẹ to nǹkan bíi 8 sórí rẹ̀: páálí ọṣẹ, ike bọ́tà tó ti tán, agolo tí ẹnu rẹ̀ kò mú, àti ife kan tó máa dúró fún kọ́ńgò. Ẹ bu gààrí gidi ife 2 sínú abọ́ tó fẹ̀, nítorí ohun tó ṣeé bù, tó ṣeé dà, ni ọwọ́ ọmọ ń wá. Ẹ gé bébà fún owó.

Kí ẹ̀gbọ́n jókòó sídìí ọjà, kí àbúrò wá rà. Iṣẹ́ tiyín kò ju ìṣẹ́jú 5 lọ: ẹ wá bí oníbàárà, ẹ ná ọjà. "Èló ni kọ́ńgò kan? Háà, ó ti wọ́n jù, ẹ bá mi dín in kù." Bó bá ti wọn gààrí tán, ẹ ní kó fi ènì sí i. Ẹ ó rí i tí yóò dúró, tí yóò wo inú abọ́, tí yóò máa ronú bí ènì ṣe máa pọ̀ tó kí ọjà òun má bàa tán. Ìgbà yẹn lẹ lè padà sídìí ọbẹ̀.

Ohun tó sábà ń bà á jẹ́ ni ẹrù tó pọ̀ jù. Bí nǹkan bá tó 20, dídà ni wọ́n á máa dà á kiri, wọn kò ní tajà mọ́. Èkejì, ẹ má bi wọ́n ní ìbéèrè ìdánwò: "Àwọ̀ wo nìyí? Kà á fún mi." Bó bá ti di ilé ìwé, eré ti tán nìyẹn. Bí ọmọ bá ní náírà 1,000,000 ni gààrí òun, ẹ ṣe háà, ẹ má tún un ṣe. Ẹ má sì kó ọjà náà kúrò lálẹ́. Kó wà ní igun yàrá. Tó bá dọjọ́ kejì, ẹ pààrọ̀ nǹkan kan ṣoṣo, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Bàbá Ìbejì
Ẹ jẹ́ kí ọjà rí mọ́tò gbé e. Ọkọ̀ agolo sàdíìnì tí gbogbo wa mọ̀, etí rẹ̀ ń ya ọmọ lọ́wọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Páálí júùsì lítà 1 dára jù ú lọ. Ẹ wá ìdérí ike omi 4, igi súyà 2, sítírọ́ọ̀ 1 àti sẹ́lótéèpù. Ẹ gbé páálí dùbúlẹ̀, ẹ gé sítírọ́ọ̀ sí méjì kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn díẹ̀ ju ìbú páálí lọ, ẹ lẹ̀ wọ́n mọ́ abẹ́ rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn. Ẹ gé ṣónṣó orí igi súyà dànù, ẹ ti igi gba inú sítírọ́ọ̀, ẹ wá fi ìdérí bọ orí rẹ̀ méjèèjì. Àgbà ni kó fi ìṣó gbígbóná lu ìdérí náà o.

Ihò yẹn ni iṣẹ́ wà. Bí kò bá sí ní àárín gbùngbùn, mọ́tò á máa tiro. Igi gbọ́dọ̀ há mọ́ ìdérí, kó sì máa yí fàlàlà nínú sítírọ́ọ̀. Bó bá há síbi méjèèjì, táyà á kàn máa wọ́ nílẹ̀. Bí ihò bá sì fẹ̀ jù, ẹ wé sẹ́lótéèpù mọ́ orí igi kó lè há.

Ẹ wá fi ṣọ́ọ̀kì fa ọ̀nà sílẹ̀: Ìbàdàn lẹ́nu ọ̀nà yàrá, Ògèrè lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, Ṣàgámù lábẹ́ tábìlì, títí dé Bẹ́gà. Àga 4 tó tẹ̀lé ara wọn ni dáńfó. Ẹ̀gbọ́n wakọ̀, àbúrò jẹ́ kọ̀ńdọ́kítọ̀, èrò tó bá fẹ́ sọ̀ á kígbe "Ó wà o!", awakọ̀ gbọ́dọ̀ dúró.

Ìyá Ọ̀pẹ́
Ẹ ṣeun gan-an, sà. Ẹ ṣeun, mà. Àbúrò ṣì ń ki nǹkan bọnu. Ṣé ìdérí ike omi yẹn kò léwu?

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́
Ó léwu fún un. Ẹ mú páálí róbótó tí wọ́n ń wé tíṣù ilé ìgbẹ́ mọ́: ohunkóhun tó bá gba inú rẹ̀ kọjá lè há ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́fun, ìdérí ike omi sì ń gba ibẹ̀. Ìdérí ike bọ́tà ni kẹ́ ẹ fi ṣe táyà tirẹ̀. Ẹ má kó ẹ̀wà gbígbẹ sí ọjà yẹn. Wọ́n máa ń kì í bọ imú, á sì wú síbẹ̀. Èyí tó burú jù ni bátìrì pẹlẹbẹ bíi bọ́tìnì tó wà nínú àwọn ìṣeré kan. Bí ọmọ bá gbé e mì, ó lè jó ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ láàárín wákàtí 2, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀. Bó bá jẹ́ eré omi, ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ má dáná lásìkò náà. Bẹ́ ẹ bá ṣe tán, ẹ da omi nù, ẹ dojú ọpọ́n dé.

Àǹtí Bísí
Ẹ tún lè po fúláwà tí wọ́n á máa fi mọ nǹkan ṣeré: fúláwà ife 2, iyọ̀ ife 1, òróró ṣíbí 1, omi tí kò tó ife 1. Ẹ máa ta omi sí i díẹ̀díẹ̀, ẹ pò ó bí ìyẹ̀fun búrẹ́dì. Bó bá ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ẹ fi fúláwà ṣíbí kan sí i; bó bá ń fọ́, ẹ ta omi díẹ̀ sí i. Omi sobo á fún un ní àwọ̀. Iyọ̀ máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, nítorí náà ẹ dì í sínú ọ̀rá kí ẹ so ó dáadáa, pàápàá lásìkò òjò yìí. Wọ́n á fi mọ puff-puff, ẹja àti iṣu fún ọjà wọn. Ẹ ṣáà ṣọ́ àbúrò kó má jẹ ẹ́, iyọ̀ inú rẹ̀ pọ̀ jù fún ikùn ọmọ.

Ìyá Ọ̀pẹ́
Ẹ kú àdúrótì. Ọ̀rọ̀ kan ló kù: ẹ̀gbọ́n kì í fẹ́ gbé ipò awakọ̀ fún àbúrò rẹ̀.

Olùkọ́ Jẹ́lé-ó-sinmi
Ẹ wá fìlà kan tó jẹ́ fìlà awakọ̀. Ẹni tó bá dé e ló ń wa ọkọ̀, títí dé Ṣàgámù nìkan. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pààrọ̀. Ẹ kéde rẹ̀ láti Ògèrè pé "Dírẹ́fà, Ṣàgámù ti ń súnmọ́ o," kó má bàa jẹ́ pé ẹ já fìlà gbà lórí rẹ̀ lójijì. Kí ẹ sì fún un ní iṣẹ́ tó wuyì bó bá sọ̀ kalẹ̀: kó di ọlọ́pàá tó ń wo pátíkùlà ọkọ̀, tàbí mẹkáníìkì tó ń fẹ́ táyà.