Báwo la ṣe lè gbọ́ iye tó jẹ́ òótọ́ lẹ́nu olówó kí ìkówójọ tó bẹ̀rẹ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ti bá ẹgbẹ́ aláàánú kówó jọ rí. 60 mílíọ̀nù náírà la ń wá fún yàrá ìgbẹ̀bí àti iná oòrùn ilé ìwòsàn ọ̀fẹ́ kan. Kí a tó kéde, a fẹ́ mọ̀ bóyá owó náà ṣeé rí.

Bí a ṣe pín èyí tó ju ìdajì rẹ̀ lọ rèé: ẹnì kan, mílíọ̀nù 9, ẹni méjì, mílíọ̀nù 6 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, ẹni mẹ́rin, mílíọ̀nù 3 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Mílíọ̀nù 33 nìyẹn lọ́wọ́ ènìyàn 7. Torí pé ọ̀pọ̀ á kọ̀, ẹni mẹ́ta la kọ sílẹ̀ fún ipò kọ̀ọ̀kan, ó di 21. A fẹ́ kọ́kọ́ fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò ni, a ò ní tọrọ owó lọ́wọ́ wọn níbẹ̀ rárá. Ẹni tí kò sí nínú ìgbìmọ̀ wa ni yóò bá wọn sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀, torí bó bá jẹ́ àwa la lọ, "a ó ṣe é" ni wọ́n á máa wí, ojú ló ń tì wọ́n.

Iye gan-an ló le. Ọ̀pọ̀ kì í sọ ọ́ títí di ọjọ́ ìkówójọ, ìgbà tí wọ́n bá gbọ́ ti ẹlòmíì. Ṣé kí a gbé àtẹ yìí síwájú wọn, kí wọ́n tọ́ka sí ìlà tó bá agbára wọn mu? Àbí kí a béèrè iye tí wọ́n rò pé àwọn olówó bíi tiwọn lè dá?

Bí àròpọ̀ iye tí wọ́n bá sọ kò bá tó 20 mílíọ̀nù ńkọ́? Ṣé kí a mú iná oòrùn kúrò, àbí kí a sún gbogbo rẹ̀ síwájú, nígbà tí owó sìmẹ́ǹtì ń gòkè?