Èló ló yẹ kí n san fún fífọ káàpẹ́ẹ̀tì ilé? Ẹnì kan ní £75, ẹnì kejì ní £240

Ìyá Tiwa, Thamesmead
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn kíákíá torí ìparí oṣù yìí la máa kó kúrò nílé tá a wà yìí. Yàrá méjì ni, pálọ̀ kan, kọ́rídọ̀ àti àtẹ̀gùn, gbogbo ẹ̀ ló ní káàpẹ́ẹ̀tì àfi kíṣìnì àti ilé ìwẹ̀. Ẹ́jẹ́ǹtì wá kọ ímeèlì sí wa pé dandan ni ká pe kọ́ńpìnì tó ń fọ káàpẹ́ẹ̀tì, ká sì mú rìsíìtì wọn wá, tá ò bá ṣe bẹ́ẹ̀ wọ́n máa yọ ọ́ nínú dìpọ́síìtì wa. Mo pe èèyàn méjì. Ẹni àkọ́kọ́ ní £75 fún gbogbo ilé, kò tiẹ̀ bi mí ní nǹkan kan. Ẹnì kejì bi mí léèrè bíi ọlọ́pàá, ó wá ní £240. Mi ò mọ èwo nínú wọn ló fẹ́ rẹ́ mi jẹ. Àbàwọ́n tó wà níbẹ̀: tíì lẹ́nu ọ̀nà, ìtọ̀ ọmọ ní yàrá kékeré (ìgbà tá à ń kọ́ ọ ní póò, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan o), àti epo pupa ní pálọ̀, abọ́ ẹ̀bẹ̀ ló dojú dé síbẹ̀, ẹ má bi mí pé báwo. Èló gan-an ni kí n fọkàn sí?

Ọmọ Ìjẹ̀bú
£75 fún gbogbo ìyẹn? Ẹ sá fún un. Owó tó máa fi wọlé nìyẹn, tó bá ti já ẹ̀rọ ẹ̀ sílẹ̀ tán ló máa sọ pé ti àtẹ̀gùn lọ́tọ̀, ti àbàwọ́n lọ́tọ̀, ti páàkì lọ́tọ̀, ojú á sì máa tì yín láti lé e jáde.

Afọkáàpẹ́ẹ̀tì, Kent
Ẹ kú ìnira ìkólọ, ìyá wa. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe jẹun nìyí. Ẹ mú tépù, ẹ wọn gígùn àti ìbú yàrá kọ̀ọ̀kan ní mítà, ẹ ka àtẹ̀gùn, ẹ kọ ọ́ síbí, ká jọ ṣírò ẹ̀.

Ìyá Tiwa
Ẹ ṣé sà. Pálọ̀ 4 sí 3.5. Yàrá ńlá 3.5 sí 3. Yàrá kékeré 2.5 sí 2.4. Àtẹ̀gùn jẹ́ 13. Kọ́rídọ̀ kò ju ìwọ̀n ibi tí bùgí dúró sí lọ.

Afọkáàpẹ́ẹ̀tì, Kent
Ó dáa. Tẹ́ ẹ bá fi gígùn lọ́po ìbú, pálọ̀ jẹ́ 14, yàrá ńlá 10.5, yàrá kékeré 6, àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ 30.5. Àwọn kan máa ń ka yàrá, èmi mítà ni mò ń kà, £3.50 lórí ọ̀kan, ìyẹn £106.75. Àtẹ̀gùn, £2.50 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, £32.50. Kọ́rídọ̀ £15. A ti wà ní £154.25, a ò sì tíì fọwọ́ kan àbàwọ́n o. Ti tíì wà nínú iṣẹ́, mi ò gbowó ẹ̀. Epo pupa £20, ìtọ̀ £25, torí oògùn tiwọn yàtọ̀, wọ́n sì máa ń fi àkókò èèyàn ṣòfò. Ó di £199.25. Tí kọ́ńpìnì yẹn bá wà nínú VAT, ìdá 20 nínú 100 máa gorí ẹ̀, ó di £239.10. Ṣé ẹ rí i báyìí pé ẹni tó ní £240 yẹn kì í ṣe olè? Iye tiẹ̀ lè yàtọ̀ sí tèmi díẹ̀díẹ̀ ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà la gbà. Àmọ́ ẹni tí ọjà ẹ̀ ò ju £90,000 lọ lọ́dún kò pọn dandan kó wà nínú VAT, nítorí náà tẹ́ ẹ bá rí ẹnì kan tó ń dá ṣiṣẹ́ ẹ̀ jẹ́jẹ́ pẹ̀lú ọkọ̀ fáàńù kan, nǹkan bíi £200 ló yẹ kó jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tẹ́ ẹ ń sanwó fún. Wọ́n á kọ́kọ́ fa eruku jáde, wọ́n á fín oògùn sí i, wọ́n á jẹ́ kó mu díẹ̀, wọ́n á wá fi omi gbígbóná lù ú kí ẹ̀rọ sì máa fa omi ìdọ̀tí náà padà lójú ẹsẹ̀. Fífà yẹn gan-an ni iṣẹ́. Ẹni tó bá sáré ṣe gbogbo ilé yín ní wákàtí kan, omi ló rọ sílẹ̀ fún yín. Ó máa ń gba bíi wákàtí 4 sí 12 kó tó gbẹ, torí náà ẹ má fi í sí àárọ̀ ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ dá kọ́kọ́rọ́ padà, kí ilé sì ti ṣófo kó tó dé, gbígbé sófà kiri máa ń fowó kún un.

Ti ìtọ̀ yẹn, mi ò ní parọ́ fún yín. Tó bá ti jìn dé fóòmù abẹ́ káàpẹ́ẹ̀tì, fífọ òkè kò ní kó o tán, tí ojú ọjọ́ bá ti rin, òórùn ẹ̀ á tún dé. Ẹni tó bá fọwọ́ sọ̀yà fún yín láìtíì rí i, ẹ bẹ̀rù ẹ̀.

Àǹtí Peckham
Ẹ dúró ná, ta ló tiẹ̀ sọ pé dandan ni rìsíìtì? Òfin Tenant Fees Act 2019 ti fòpin sí i ní England, láti 1 June 2019 fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbalé, láti 1 June 2020 fún gbogbo èèyàn. Wọ́n lè ní kẹ́ ẹ dá ilé padà ní mímọ́ bí wọ́n ṣe fún yín, àmọ́ wọn ò lè fipá mú yín sanwó fún kọ́ńpìnì. Ẹ báà fọ ọ́ fúnra yín o, tó bá ṣáà ti mọ́. Tí wọ́n bá sì yọ owó, ẹ gba ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú dìpọ́síìtì lọ, DPS, TDS tàbí mydeposits, wọn kì í gbowó láti dá ẹjọ́ ẹ̀, lánlọ́ọ̀dù ló sì gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí wá. Ẹ wá ínfẹ́ńtìrì ọjọ́ tẹ́ ẹ wọlé jáde, ìwé tí wọ́n kọ bí ilé ṣe rí sí!

Bàbá Ìbejì
Àǹtí, òfin yẹn dáa, àmọ́ ẹ̀bẹ̀ tó dojú dé kì í ṣe gbígbó lásán tí ẹsẹ̀ èèyàn ń fà, tí wọn kì í gbowó lé lórí o. Adájọ́ ò ní gba ìyẹn. Ìmọ̀ràn tèmi ni kẹ́ ẹ yá ẹ̀rọ tí wọ́n ń háyà ní súpámákẹ́ẹ̀tì, nǹkan bíi £30 sí £40 fún ọjọ́ kan, ọṣẹ ẹ̀ lọ́tọ̀. Mo ti fi ṣe pálọ̀ wa, ó mọ́ dáadáa. Agbára ẹ̀ ò tó ti ẹ̀rọ inú ọkọ̀ fáàńù láti fa omi, ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀.

Àǹtí Peckham
Mo gbà fún yín lórí epo. Àmọ́ káàpẹ́ẹ̀tì náà ti pé ọdún mélòó? Tí wọ́n bá rà á ní £500, tó yẹ kó lo ọdún 10, tó ti lo 8, £100 péré ló kù lára ẹ̀. Wọn ò lè fi owó yín ra tuntun.

Ìyá Tiwa
Mo ti rí ínfẹ́ńtìrì! Ẹ wò ó, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àtẹ̀gùn àti kọ́rídọ̀ ti dọ̀tí ká tó wọlé, yàrá ńlá ní àmì iná áyọ́ọ̀nù. Pálọ̀ àti yàrá kékeré nìkan ni wọ́n ní ó mọ́. Ṣé mo lè ṣe méjèèjì yẹn nìkan?

Afọkáàpẹ́ẹ̀tì, Kent
Ẹ lè ṣe é. Pálọ̀ £49 àti epo £20, yàrá kékeré £21 àti ìtọ̀ £25, gbogbo ẹ̀ £115. Ọ̀pọ̀ nínú wa ní iye kan, tówó iṣẹ́ ò bá tó o, a ò ní jáde nílé, tèmi jẹ́ £80, torí náà ẹ ti kọjá ibẹ̀. Àwọn yòókù, ẹ fi húfà fà á dáadáa.

Ọmọ Ìjẹ̀bú
Kẹ́ ẹ fi bílíìṣì nu epo yẹn ńkọ́, ká dín £20 kù?

Afọkáàpẹ́ẹ̀tì, Kent
Àbúrò, ẹ jọ̀ọ́! Tó bá jẹ́ wúùlù, bílíìṣì á jẹ ẹ́ run. Ìyá Tiwa, ẹ fa fọ́nrán kékeré kan ní etí ilẹ̀kùn, ẹ gbé e jáde síta, ẹ finá ràn án. Tó bá ń rùn bí irun tó jóná, tó sì di eérú, wúùlù ni. Tó bá yọ́ bíi ọ̀rá, rọ́bà ni. Ẹ sọ èyí tó jẹ́ fún ẹni tẹ́ ẹ bá pè. Ẹ má fi kàn-ìn-kàn-ìn ha epo yẹn o, àwọ̀ pupa ẹ̀ ló máa ń le ju òróró ẹ̀ lọ. Tẹ́ ẹ bá pè é, ẹ ní kó kọ ọ́ sí ímeèlì pé iye tó bá pè kó àbàwọ́n méjèèjì, páàkì àti VAT mọ́ra, kẹ́ ẹ tó fún un ní àdírẹ́ẹ̀sì.

Ìyá Tiwa
Ẹ ṣé gan-an ni sà. Mo ti kọ̀wé sí ẹni £240 pé yàrá méjì péré ni mo fẹ́ báyìí, mo sì ti fi orúkọ òfin tí Àǹtí sọ ránṣẹ́ sí ẹ́jẹ́ǹtì. Kò tíì fèsì.