Ìkọ̀kọ̀ tàbí àṣírí? Ọ̀rọ̀ tí òfin dátà ń wá lẹ́nu wa

Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2023 ni Ààrẹ Bọ́lá Ahmed Tinúbú buwọ́ lu òfin tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Nigeria Data Protection Act. Àtìgbà náà ni àwa tí à ń túmọ̀ fún rédíò, fún ilé ẹjọ́ àti fún kíláàsì ti ń fa orúkọ òfin yìí mọ́ ara wa lọ́wọ́. Àbá tó wà nílẹ̀ báyìí, tí àwọn kan nínú wa sì ń gbè lẹ́yìn, ni pé kí a pè é ní Òfin Ìdáàbòbò Dátà, kí ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní privacy, ìyẹn kí ọ̀rọ̀ ẹni má di ti gbogbo ayé, sì máa jẹ́ ìkọ̀kọ̀. "Ẹ̀tọ́ sí ìkọ̀kọ̀," wọ́n ní ó ṣe ṣókí, ó sì já gaara. Mi ò fara mọ́ méjèèjì. Ìdí mi wà ní Ọlá-Ìyá níbí ní Òṣogbo, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta síìmù.

Ẹ bi ẹnikẹ́ni níbẹ̀ pé kí ni dátà. Yóò ní ohun tí òun rà láàárọ̀ tó ti tán kí ọ̀sán tó pọ́n ni. Dátà là ń rà, dátà là ń yá, òun ni ọmọ tó wà ní yunifásítì ń bẹ bàbá rẹ̀ pé kó fi ránṣẹ́, òun la sì máa ń ní wọ́n jẹ mọ́ wa lára nígbà tí a ò wo nǹkan kan. Mo ka orúkọ òfin náà jáde fún ọmọkùnrin kan tó ń ta síìmù lábẹ́ agbòòrùn. Inú rẹ̀ dùn gan-an. Ó ní ó ti pẹ́ tó ti yẹ kí ìjọba dá sí i, nítorí gíìgì méjì kì í lo ọjọ́ méjì mọ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ọmọ náà gbọ́ Yorùbá. Ohun tí gbólóhùn yẹn wí nìyẹn: òfin tí kò ní jẹ́ kí dátà tètè tán.

Ẹnìkan dáhùn pé ọ̀rọ̀ kan lè ní ìtumọ̀ méjì, pé ojú ọ̀nà wà, ojú abẹ́rẹ́ wà, kò sì sẹ́ni tó ń ṣì wọ́n pè. Òótọ́ ni, àmọ́ ọ̀nà àti abẹ́rẹ́ kì í pàdé. Dátà méjèèjì yìí wà nínú fóònù kan náà. Ilé iṣẹ́ tó ń ta ọ̀kan fún wa náà ló ń kó èkejì jọ lára wa. Kò sí gbólóhùn tí ẹ fẹ́ fi yà wọ́n sọ́tọ̀ tí kò ní gùn ju òfin náà fúnra rẹ̀ lọ.

Ohun tí òfin náà ń tọ́ka sí kò ṣòro. Orúkọ ni, ọjọ́ ìbí ni, nọ́ńbà fóònù, àwòrán ojú, ìtẹ̀ka, àìsàn tó ń ṣeni, ẹ̀sìn tí à ń sìn, bí ó bá ti lè tọ́ka sí ẹni tí a jẹ́, tí wọ́n sì ti kọ ọ́ tàbí yà á síbì kan. "Àkọsílẹ̀ nípa ẹni" ni mo máa ń lò fún un. Kò dùn bí orin, ó sì gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí yóò gbọ́ ọ tí ọkàn rẹ̀ yóò lọ sí gíìgì.

Láti oṣù kejìlá ọdún 2020, tí ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé kí gbogbo wa so síìmù wa pọ̀ mọ́ NIN, irú àkọsílẹ̀ yìí ti kún ìgboro. Ẹyọ nọ́ńbà 11 ni NIN, ẹyọ 11 náà ni BVN tí àwọn báǹkì bẹ̀rẹ̀ ní 2014, àwọn àgbà wa sì ń fi ọ̀kan pe èkejì. Ibi gbogbo tí wọ́n ti bèèrè wọn ni wọ́n ti ṣe fọ́tòkọ́pì. Níbo ni gbogbo ìwé yẹn ń lọ? Mo ra ẹ̀pà ní Old Garage lọ́jọ́ kan, fọ́ọ̀mù ni wọ́n fi wé e: orúkọ obìnrin kan, àdúgbò rẹ̀, nọ́ńbà fóònù rẹ̀, orúkọ ẹni tí wọ́n lè pè bí nǹkan bá ṣe é, gbogbo rẹ̀ ní bírò búlúù, iyọ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn. Mo na ìwé náà sí ìyá ẹlẹ́pà, mo ní, "Màmá, àkọsílẹ̀ nípa ẹnìkan mà nìyí." Ó sún un mọ́ ojú, ó kà á, ó ní, "Yéè, àṣírí ọmọ ọlọ́mọ!" Ó já ibi tí orúkọ àti nọ́ńbà wà, ó ká a mọ́ etí ìró rẹ̀. Ó fi ìyókù wé ẹ̀pà fún ẹni tó dúró lẹ́yìn mi.

Àṣírí ló pè é, kò pè é ní ìkọ̀kọ̀, mi ò sì rò pé ìkọ̀kọ̀ lè wá sí i lẹ́nu. Ìkọ̀kọ̀ ní Yorùbá ibi tí à ń sá sí ni. Wọ́n pàdé níkọ̀kọ̀, ó gbowó níkọ̀kọ̀, ó fẹ́ ìyàwó níkọ̀kọ̀. Bí mo bá ní mo lẹ́tọ̀ọ́ sí ìkọ̀kọ̀, ohun tí etí máa gbọ́ ni pé ó ní nǹkan tí mò ń ṣe. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ló ń tẹ́ àwọn tó máa ń pe rédíò lọ́rùn, àwọn tí wọ́n máa ń ní, "Bí o kò bá ṣe láburú, kí lo wá ń fi pamọ́?" Ẹni tó bá fi ìkọ̀kọ̀ bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn yẹn ti jẹ̀bi kó tó la ẹnu.

Àṣírí, àdúrà là ń fi í gbà. Kí Ọlọ́run bo àṣírí wa: olówó ṣe àmín, aláìní ṣe àmín, ọlọ́pàá ṣe àmín. Ẹni tó yá wa lówó nígbà tí ìkómọ dé tí ọwọ́ kò sí lẹ́nu, ó ti bo àṣírí wa. Kò sí ìwà ọ̀daràn kankan níbẹ̀. Gbogbo ènìyàn ló ní i, gbogbo ènìyàn ló sì fẹ́ kó bò.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n gbà takò mí lórí èyí. Wọ́n ní ọ̀dọ̀ Haúsá ni àṣírí ti wọlé, pé Lárúbáwá ni orísun rẹ̀. Èyí kò gba àsìkò mi. Àlùbọ́sà náà ti ọ̀nà yẹn wá, kò sì sẹ́ni tó ní ká yọ ọ́ kúrò nínú ọbẹ̀.

Ìkejì ló nípọn. Wọ́n ní àṣírí ni ohun tí ẹlòmíràn kò mọ̀. Nígbà tí báǹkì ti mọ nọ́ńbà mi, tí ilé ìwòsàn ti mọ irú ẹ̀jẹ̀ tó wà lára mi, àṣírí wo ló tún kù? Ẹ jẹ́ ká wo bí a ṣe ń lo ọ̀rọ̀ náà nílé. Gbogbo agbo ilé ló mọ̀ pé ìyá lágbájá kò sí lọ́dọ̀ ọkọ mọ́, gbogbo wọn ló mọ ẹni tó ń bá a san owó ilé ìwé ọmọ. Síbẹ̀ àṣírí ni. Ọjọ́ tí ọ̀kan nínú wọn bá gbé e dé ìdí ẹ̀rọ omi la máa ní àṣírí tú. Ogún ènìyàn lè mọ̀ ọ́n kó ṣì bò. Ẹnìkan ṣoṣo tó gbé e débi tí kò yẹ ló tú u. Ohun tí òfin 2023 ń wí gan-an nìyẹn. Ohun tí èèyàn torí rẹ̀ fi àkọsílẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ni kí wọ́n lò ó fún, kí wọ́n má gbé e lọ ṣe nǹkan mìíràn tí kò bá a mu. Bí ó bá sì bọ́ mọ́ ilé iṣẹ́ kan lọ́wọ́, tó lè kó àwọn tó ni ín sí wàhálà, wákàtí 72 ni ilé iṣẹ́ náà ní láti fi tó àjọ tó ń bójú tó o létí. "Àṣírí títú" ti wà nílẹ̀ fún ìyẹn tipẹ́. Kí la tún fẹ́ ṣẹ̀dá? Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 pàápàá, ní abala 37, dárúkọ ilé ẹni, lẹ́tà tí à ń kọ síra wa àti ọ̀rọ̀ tí à ń sọ lórí tẹlifóònù. Kò sí lẹ́tà tí ẹni kejì kò ní kà, kò sí ìpè tí ẹni kejì kò ní gbọ́, òfin sì ní kí wọ́n bò síbẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ ká gbọ́ "ọmọ-abẹ́ dátà" mọ́, tí ẹnìkan fi túmọ̀ ẹni tí àkọsílẹ̀ náà dá lé lórí. Ọmọ-abẹ́ ọba la mọ̀. "Ẹni tó ni àkọsílẹ̀" ni kí a wí. Báyìí, bí ó bá dé ọ́fíìsì tó ní kí wọ́n tún ọjọ́ ìbí òun tí wọ́n ṣì kọ ṣe, ẹ̀tọ́ tí òfin náà fún un, ẹnu onínǹkan ló fi ń sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ ààbò pẹ̀lú ń fẹ́ àyẹ̀wò. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, báǹkì àpapọ̀ ní kí àwọn báǹkì máa yọ 0.5% lára owó tí èèyàn bá fi ránṣẹ́ lórí ẹ̀rọ, ₦50 lórí ₦10,000, fún ètò ààbò orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ariwo ta, wọ́n sì fà á sẹ́yìn kí oṣù náà tó parí. Owó ààbò la gbọ́ ní Yorùbá. Nílùú yìí, owó ààbò ni èyí tí onílé àti ayálégbé ń dá fún ọdẹ àdúgbò lóṣooṣù, ẹni tó bá san án á sì gbọ́ fèrè lóru. Ohun tí àwọn tó ń ṣe POS ní Ìgbóná ń bi ara wọn ni pé ọdẹ wo, fèrè dà? Mi ò rò pé ọ̀rọ̀ mìíràn ì bá gba owó náà là, ṣùgbọ́n ìbéèrè wọn mọ́gbọ́n dání ju ọ̀pọ̀ ohun tí mo gbọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n lọ́sẹ̀ náà.

Ibi tí mo ti fẹ́ ká fara balẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà, ṣọ́. Ẹ ṣọ́ ilé fún mi, inúure ni. Wọ́n ń ṣọ́ mi, ìbẹ̀rù ni. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni, ọwọ́ ẹni tí ojú wà ló yàtọ̀. Ọdẹ náà rí bẹ́ẹ̀: ọdẹ ló ń gbà wá lọ́wọ́ olè, láti 2020 sì ni àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá ti ń gba ọdẹ sínú Àmọ̀tẹ́kùn, àmọ́ ẹni tó ń dọdẹ ọmọnìkejì rẹ̀, aburú ló ń wá. Nígbà tí ìròyìn bá wá ní ìjọba fẹ́ gbé "kámẹ́rà ìṣọ́" sí oríta, ọ̀rọ̀ náà ti bá ìjọba dáhùn ìbéèrè tó yẹ kí ará ìlú bèèrè. Ìṣọ́ ni ṣọ́ọ̀ṣì ń pe àdúrà òru. Ta ló fẹ́ takò ó? Kámẹ́rà tó ń wo géètì ilé ìfowópamọ́, kí ó máa jẹ́ kámẹ́rà aṣọ́lé. Èyí tó ń wo ibi tí ẹnìkan lọ, ẹni tó bá pàdé àti ìgbà tó padà dé, a ti ní gbólóhùn rẹ̀ nílẹ̀: wọ́n ń ṣọ́ ọ lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀. Ìṣọ́nilọ́wọ́lẹ́sẹ̀ ni mo fi sílẹ̀ fún yín. Ó gùn, ó tó ká yọ́ ọ sọ, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é, kó pè é délẹ̀.

Lórí WhatsApp, tó jẹ́ láti 2016 ni wọ́n ti ń dì ọ̀rọ̀ gbogbo ènìyàn tó ń lò ó lọ́nà tí àwọn tó ń bá wa gbé e pàápàá kò fi lè kà á, mo rí i tí wọ́n kọ "ìfọ̀rọ̀pamọ́sínúkóòdù". Kí ló ṣe ẹnà? Ọmọdé tó sọ "wágá" dípò "wá" kí ìyá rẹ̀ má bàa gbọ́ ti sọ ọ̀rọ̀ di ẹnà. Sísọ ọ̀rọ̀ di ẹnà, títú ẹnà: ó parí. Ìjà tí Apple bá FBI, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba àpapọ̀, jà ní Amẹ́ríkà ní 2016 náà, lórí fóònù apànìyàn kan tí wọ́n ní kí ilé iṣẹ́ náà bá wọn wá ọ̀nà ṣí, a lè fi ẹnà ṣàlàyé rẹ̀ fún kíláàsì kẹta.

Ọ̀rọ̀ aṣínà, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní password, ti gbilẹ̀, mi ò ní gbógun tì í. Kìkì pé kí àwọn tó ń fi í ránṣẹ́ sórí fóònù fi àmì ohùn sí i, nítorí láìsí àmì, ọ̀rọ̀ aṣìnà ni ìdajì ènìyàn ń kà.

Èyí tó kù ni bọ́tìnì. Lórí gbogbo áàpù tó ní Yorùbá tí mo ti rí, "Mo gbà" ni wọ́n kọ síbi tí a ti ń fọwọ́ sí i pé kí wọ́n lo àkọsílẹ̀ wa. Ẹni tí iyàn jẹ mọ́ lọ́wọ́ ló ń wí bẹ́ẹ̀, mo gbà fún ọ, kò sí ohun tí mo lè ṣe mọ́. Ìyọ̀ǹda ni òfin náà ń fẹ́, ó sì ní ẹni tó yọ̀ǹda lè fà á padà nígbà tó bá wù ú. Kí wọ́n kọ "Mo yọ̀ǹda" síbẹ̀. Díẹ̀ péré ló fi gùn ju "Mo gbà" lọ, bọ́tìnì ojú fóònù á gbà á.