Ṣé pápákọ̀ òfurufú Aláàkíà n'Ìbàdàn ni kí n ti gbé màmá mi wọ bàálù lọ Àbújá, àbí ti Ìkẹjà l'Ékòó?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Ìbàdàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Àbúrò mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní Àbújá, màmá wa sì fẹ́ lọ bá a wẹ ọmọ. Orúnkún ń dà wọ́n láàmú gan-an, wọn ò lè fara da ọ̀nà Lọ́kọ́ja nínú mọ́tò látàárọ̀ dalẹ́.

Mo wò ó lórí máàpù. Tí a bá fa ìlà tààrà láti Aláàkíà dé pápákọ̀ òfurufú Àbújá, bíi kìlómítà 405 ni. Láti Ìkẹjà, ó lé ní 500. Síbẹ̀, bíi wákàtí kan náà ni méjèèjì. Ọmọ mi ní gígòkè àti sísọ̀kalẹ̀ bàálù ló ń jẹ àkókò, pé ibi tó ti ń sáré jù kò pọ̀ lójú ọ̀nà kúkúrú. Ìyẹn yé mi.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn nìyí: bàálù Aláàkíà ò pọ̀. Bí ọyẹ́ bá mú kí wọ́n fagi lé e, ṣé a máa rí òmíràn lọ́jọ́ náà? Ti Ìkẹjà pọ̀ dáadáa, àmọ́ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà márosẹ̀ Ìbàdàn sí Èkó ń bà mí lẹ́rù. Ẹnì kan ní ká wọ ọkọ̀ ojúirin ní Mọ́níyà, ká sọ̀ ní Agége nítòsí Ìkẹjà. Ṣé àtẹ̀gùn ibùdókọ̀ ojúirin náà kò ní pa màmá lára?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé àgbàlagbà gba Aláàkíà rí, ṣé wọ́n ń fún wọn ní kẹ̀kẹ́ arọ títí dé ẹnu bàálù? Ẹ ṣeun o.