Wọn ò yéé da pàǹtí sódò lẹ́yìn ilé wa: kí la máa kọ sára pátákó?

Akọ̀wé_ÒkèBáálẹ̀:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé ládùúgbò wa l'Ókè-Báálẹ̀, Òṣogbo. Odò kékeré kan ń ṣàn kọjá lẹ́yìn ilé wa, wọ́n sì ti sọ ọ́ di àkìtàn. Pampers, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, èèpo iṣu, kò sóhun tí ẹ ò ní bá níbẹ̀. Bí òjò bá rọ̀ dáadáa, omi á ya wọlé àwọn tó wà nísàlẹ̀. A ti fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri pé "MÁ DA ILẸ̀ SÍBÍ. OWÓ ÌTANRÀN ₦50,000." Abẹ́ àkọlé yẹn gan-an ni wọ́n ń dà á sí.

Ní ìpàdé tó kọjá, ọmọ alága wa tó ń ṣiṣẹ́ l'Ábújà sọ̀rọ̀ nípa ohun tí wọ́n ń pè ní nudge. Ó ní àwọn ìjọba kan ti ń fi ìmọ̀ nípa ìhùwàsí èèyàn tún ìlú ṣe láìfipá mú ẹnikẹ́ni. Ó wù wá. Alága wá dábàá pé ká gbé pátákó tuntun, ká kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ìdajì àwọn ará àdúgbò yìí ló ń da pàǹtí sódò. Ojú ò tiẹ̀ tì yín?" Ṣé ìyẹn náà wà lára ẹ̀? Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là wá lọ́yẹ̀.

Ọmọ_Ìsàlẹ̀Ọ̀ṣun:
Ẹ so ààlè síbẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó. Àkísà pupa, ìkarahun ìgbín, ògbólógbòó bàtà ẹsẹ̀ kan. Ta ni yóò dúró ka owó ìtanràn?

Wolé_wolé_àná:
Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Wolé-wolé ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, kò sì fẹ́ẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé tí n ò tíì tẹ̀ ní Òṣogbo yìí.

Ẹ má gbé pátákó yẹn rárá. Ọgbà ìjọba kan wà ní Arizona, l'Amẹ́ríkà, tó kún fún igi ayé àtijọ́ tó ti di òkúta. Àwọn tó wá wò ó a máa jí i kó. Robert Cialdini, onímọ̀ nípa ìhùwàsí èèyàn, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ dán oríṣi pátákó wò níbẹ̀. Èyí tó sọ pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti kó igi lọ tí ọgbà sì ń bà jẹ́, nǹkan bí 8 nínú 100 ègé igi tí wọ́n ti sàmì sí ni wọ́n jí. Èyí tó kàn bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jọ̀ọ́ má mú un, kò tó 2. Bí ẹ bá lẹ́ ẹ mọ́gi pé ìdajì àdúgbò ló ń dà á, ìdajì kejì á ní, "Àṣé èmi nìkan ni mò ń dá ara mi lóró."

Ti ₦50,000 ńkọ́? Ta lẹ ti gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ rí? Láyé iṣẹ́ tiwa, bí wọ́n bá ti gbúròó wa lójú títì, wọ́n á sáré da omi àmù tó ní tanwíjí nù. Bí a bá ti kọjá, ó parí. Ìbẹ̀rù wolé-wolé kì í sùn mọ́jú nínú ilé ẹnikẹ́ni.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ wò gan-an ni aago tí wọ́n ń dà á. Mo lè fi owó ìfẹ̀yìntì mi lé e pé kí ilẹ̀ tó mọ́ ni. Ìyá tó ń tajà l'Ọ́jà Ìgbọ́nà ti jáde nílé kí àwọn ọmọ tó jí. Ọkọ̀ akólẹ̀, bó bá tiẹ̀ wá lọ́sẹ̀ yẹn, ọ̀sán gangan ni, ó ń fọn fèrè fún ilé tí kò séèyàn. Kí lẹ fẹ́ kó fi ọ̀rá ìdọ̀tí ọwọ́ ẹ̀ ṣe? Kó gbé e dání lọ sídìí tòmátì?

Ní Udaipur, ní Íńdíà, wọ́n fẹ́ káwọn ìyá máa gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Banerjee àti Duflo, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé, wà lára àwọn tó ṣe é, wọ́n sì gbé àbájáde ẹ̀ jáde lọ́dún 2010. Ní àwọn abúlé tí wọn ò fọwọ́ kan nǹkan kan, 6 nínú 100 ọmọ ló gba abẹ́rẹ́ ẹ̀ pé. Níbi tí wọ́n ti rí i dájú pé nọ́ọ̀sì ń dé lóṣooṣù lọ́jọ́ tí wọ́n dá, ó di 18. Níbi tí wọ́n ti wá ń fún ìyá ní kílò ẹ̀wà wẹ́wẹ́ kan lórí abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan, àti àwo irin bí ọmọ bá gbà á tán, ó di 39. Ọ̀rọ̀ ẹ̀wà ni gbogbo ayé gbé kiri. Èmi, ibi tí 6 ti di 18 ni mo tẹjú mọ́. Kò sẹ́bùn, kò sí ọgbọ́n kankan, nọ́ọ̀sì kàn wá nígbà tó ní òun máa wá ni.

Wọ́n ti ya àtẹ̀lẹ́sẹ̀ aláwọ̀ ewé sílẹ̀ ní Copenhagen, olú ìlú Denmark, rí, kó lè máa darí èèyàn sídìí garawa ìdọ̀tí. Ó dáa. Àmọ́ garawa wà níbi tí ẹsẹ̀ yẹn ń lọ.

Tísà_Ayétòrò:
Bàbá, mo gbà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ń kọ mí lóminú. Bí ìjọba bá lè máa darí wa láìjẹ́ ká fura, lónìí pàǹtí, lọ́la ńkọ́? Ìbò?

Wolé_wolé_àná:
Tísà, ẹ fura dáadáa, ó yẹ bẹ́ẹ̀. Thaler, onímọ̀ ọrọ̀ ajé tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2017, òun àti Sunstein, amòfin tí wọ́n jọ gbé ọ̀rọ̀ nudge yìí kalẹ̀, ní ohun tí ìjọba ò bá lè sọ jáde lójú àwọn ará ìlú, kó má ṣe é. Ó sì gbọ́dọ̀ rọrùn féèyàn láti kọ̀. Ẹ wo alájọ. Owó ọjọ́ kan ló ń yọ lóṣù, a sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, torí a mọ̀ pé bí owó yẹn bá sùn sílé, àwa náà la máa ná an. Ojú wa là sílẹ̀ ká tó fún un. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn wa ló ti ń yọ ọ́, olè ni.

Akọ̀wé_ÒkèBáálẹ̀:
Ẹ ṣeun, sà. Mo ka èyí sétígbọ̀ọ́ ìyàwó mi, ó ní, "Ta lo tiẹ̀ rò pé ó ń dà á tẹ́lẹ̀?" N ò bi í síwájú. Màá dábàá pé ká bá àwọn akólẹ̀ dá ọjọ́ kan, aago márùn-ún àárọ̀, ká sì máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ó ku ọ̀kan: nínú ilé 41, ilé 33 ló ń san owó ilẹ̀. Ṣé ká kọ orúkọ àwọn 8 yòókù sára ògiri?

Wolé_wolé_àná:
Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, ìjà ló máa dà. Ẹ mú ìwé lọ bá kálukú nílé, kẹ́ ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ilé 33 nínú 41 ló ti san. Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ni ilé iṣẹ́ owó orí ìlú Gẹ̀ẹ́sì kọ sáwọn tó jẹ gbèsè, pé èèyàn 9 nínú 10 ló ń san tiwọn lásìkò, owó sì wọlé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kí 33 yẹn ṣáà jẹ́ òótọ́. Ẹ sì jẹ́ kí ọkọ̀ ti kọ́kọ́ wá ní aago márùn-ún yẹn bí ìgbà mẹ́ta kí ẹ tó pín ìwé kankan.