Àbúrò ìyàwó mi ba ọkọ̀ mi jẹ́, ṣé kí n gba owó mi?

Ẹ̀yin ará ilé, inú ń bí mi débi pé oúnjẹ ò wọlé láti ọjọ́ Àìkú. Slot car mi, ọkọ̀ ìṣeré oníná tó ń sáré nínú ihò tóóró ojú ọ̀nà rẹ̀, Ford GT40 ti ilé-iṣẹ́ epo Gulf, aláwọ̀ ojú ọ̀run tó ní ìlà aláwọ̀ ọsàn, àwòrán ọkọ̀ gidi tó gba ìdíje ọkọ̀ Le Mans ní 1968 àti 1969, ti kú. Ọdún méjì ni mo fi tọ́jú owó rẹ̀. Àbúrò ìyàwó mi wá kí wa ní Bódìjà, ó ní kí n jẹ́ kóun fi sáré díẹ̀. Ọmọ yìí kò tíì san owó tó yá lọ́wọ́ mi lọ́dún tó kọjá o! Ó yí ọ̀nà po lẹ́ẹ̀mẹta, ọkọ̀ dúró jẹ́ẹ́.

Bàbá Ìbejì, Mọ́kọ́lá: Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ dojú rẹ̀ dé, kẹ́ẹ wo wáyà pẹlẹbẹ méjì tó wà lábẹ́ imú rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń fa iná. Tèmi, orí rọ́ọ̀gì ni mo máa ń to ọ̀nà sí, òwú sì wé mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ bí irun mọ́ ìyarun.

Ọmọ Òkè-Àdó: Mágínẹ́ẹ̀tì ni. Ẹ yọ ọ́.

Bàbá Ìbejì: Mágínẹ́ẹ̀tì kẹ̀? Òun ló ń di ọkọ̀ mọ́lẹ̀ kó má fò jáde ní kọ́nà!

Ọmọ Òkè-Àdó: Slot car Scalextric ti 1957 kò ní in, wọ́n sì ń fi sáré. Ọwọ́ ni kéèyàn mọ̀ ọ́n dẹ̀ ní kọ́nà.

Ìyá Àdùkẹ́: Ẹ fìyẹn sílẹ̀. Ṣájà wo lẹ fi ń fún un níná? Ṣé ó rùn?

Ẹni tó béèrè: Orí tábìlì ni mo to ọ̀nà sí, mi ò kì í ṣọmọdé. Ó rùn díẹ̀, bí ìgbà tí áyọ́ọ̀nù bá jó aṣọ. Ṣájà tó bá a wá jóná lóṣù tó kọjá, oníṣẹ́ iná kan bá mi so ti láptọ́ọ̀pù mọ́ ọn. Ó tún wá yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ!

Ìyá Àdùkẹ́: Ẹ ka nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀. Volt mélòó?

Ẹni tó béèrè: 19. Èyí tó jóná, 12.

Ìyá Àdùkẹ́: Háà! Iná ti pọ̀ jù fún mótò inú rẹ̀. Láti oṣù tó kọjá ló ti ń jó díẹ̀díẹ̀, ọjọ́ tó máa dákẹ́ ni ọmọ yẹn bá a. Mótò nìkan lẹ máa pààrọ̀, wọ́n ń tà á lọ́tọ̀. Ẹ má tún fi ṣájà yẹn kàn án.

Ọmọ Òkè-Àdó: Ẹ̀yin gan-an lẹ pa á.

Ẹni tó béèrè: Mo ti bú u níwájú ìyá rẹ̀. Mo ní kó má dé ilé mi mọ́. Ìyàwó mi ò sì bá mi sọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni kí n kọ́kọ́ pè?

Bàbá Ìbejì: Ìyá ìyàwó yín. Ẹ má pè é o, ẹ lọ síbẹ̀, lónìí.