Ọjọ́ Tí Ìwé Àkókò Ọkọ̀ Ojú Irin Yóò Kú

Olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìntì, Ọ̀tùn-Èkìtì

Ojú irin kò gba Èkìtì kọjá rí. Nígbà tí wọ́n ń tẹ́ ẹ láti Èkó lọ sí òkè, ó dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, ó wọ Ìlọrin ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ó sì fi àwa àti àwọn òkè wa sílẹ̀ ní apá ọ̀tún. Ẹni tí ó bá fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin láti ọ̀dọ̀ wa gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ mọ́tò, nítorí náà bí ọkọ̀ tí à ń retí ní aago mẹ́wàá bá di ti aago méjìlá, ará Ọ̀fà yóò padà sílé lọ jẹun, àwa yóò sì jókòó lórí ẹrù wa.

Obì gbàǹja ni bàbá mi máa ń kó lọ sí Kánò láti Ọ̀fà. Ìyá mi, tí kò fi èdè Èkìtì sílẹ̀ títí ó fi kú, a máa pe ọkọ̀ náà ní "ọkọ̀ ulẹ̀", ìyẹn ọkọ̀ ilẹ̀, kò sì fẹ́ràn rẹ̀, nítorí pé agbọ̀n obì tí ó bá pẹ́ jù lójú oòrùn kò ní ta mọ́. Inú ìdérí àpótí páànù bàbá mi ni ìwé àkókò wà, ẹ̀kọ tútù ni ó fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Mo ṣì rántí ojú ìwé náà dáadáa: ó ti pọ́n bí ewé gbígbẹ, ó ní ìlà gbọọrọ gbọọrọ, bàbá mi sì ti fi pẹ́ńsù fa nǹkan lé nọ́ńbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin lórí, ó kọ tuntun sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Lábẹ́ tuntun kọ̀ọ̀kan ni ó kọ ọjọ́ tí akọ̀wé ibùdókọ̀ sọ ọ́ fún un. Bàbá mi kò ka ìwé jìnnà, ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi í léèrè ìdí tí ó fi ń kọ ọjọ́ sí i, ó ní ìwé kì í sọ fún èèyàn pé òun ti darúgbó.

Mo gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ tuntun ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láàárín Èkó àti Ìbàdàn ní 2021, ọmọ àbúrò mi kan fi àwòrán ìwé àkókò ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù pé kí n wá wọ̀ ọ́ lọ sí Èkó láti wá kí wọn. Mo kúrò ní Ọ̀tùn ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo sun Adó mọ́jú, mo gba Arámọkọ, Iléṣà àti Ifẹ̀, mo sì dé ibùdókọ̀ ojú irin ní Ìbàdàn ní ogójì ìṣẹ́jú ṣáájú àkókò tí ó wà nínú àwòrán. Inú mi ń dùn pé mo tètè dé. Àwọn tí ń gbálẹ̀ nìkan ni mo bá. Ẹ̀ṣọ́ kan tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà wo fóònù mi, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ti ara ògiri."

Mo gbé fóònù sí ẹ̀gbẹ́ bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Bákan náà ni wọ́n ṣe rí: àwọ̀ kan náà, ìlà kan náà, orúkọ àwọn ibùdókọ̀ ní ipò kan náà. Ìlà kan ṣoṣo ni ó yàtọ̀, òun gan-an sì ni ìlà tí ó kàn mí. Ti ara ògiri ní ọjọ́ lókè. Nínú tèmi, ẹni tí ó ya àwòrán ti gé òkè dànù kí ó lè gba ojú fóònù. Ẹ̀bi àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kò sí níbẹ̀ rárá, wọ́n ti kéde ìyípadà náà tipẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa ń sọ fún wa lójoojúmọ́ pé bébà ti kú, pé ohun tí ó wà lórí fóònù ni ó tuntun, mo sì gbà wọ́n gbọ́. Bébà ni ó tọ̀nà lọ́jọ́ náà. Ta ni irú rẹ̀ tún ti ṣẹlẹ̀ sí?

Ọmọ Ìkọ̀lé, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Bàbá Olùkọ́. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ tí ẹ mẹ́nu bà yìí ni wọ́n fi mú àkókò ọkọ̀ ní ìhín. Káàkiri ilẹ̀ Yúróòpù, ọjọ́ Àìkú tí ó bá tẹ̀ lé ọjọ́ Àbámẹ́ta kejì nínú oṣù Kejìlá ni àkókò tuntun máa ń bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì tún ń yí i padà lẹ́ẹ̀kan sí i ní oṣù Karùn-ún. Ìwé pélébé tí a ń mú lọ́fẹ̀ẹ́ ní ibùdókọ̀ máa ń gbé ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò parí sí ẹ̀yìn òde rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ ni ó ti mọ ọjọ́ ikú ara rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹ má rò pé ìyẹn ń gbani ní gbogbo ìgbà. Ní 20 oṣù Karùn-ún 2018, wọ́n yí àkókò ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ padà lẹ́ẹ̀kan náà, wọn kò sì parí ètò ẹni tí yóò wa ọkọ̀ wo lásìkò, ni gbogbo nǹkan bá dàrú fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe nígbà náà ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà. Ìwé pélébé tuntun wà lápò mi, fóònù wà lọ́wọ́ mi, bẹ́ẹ̀ ni mo sì dúró nínú òtútù. Ìwé parọ́ fún mi lẹ́ẹ̀kan péré. Fóònù yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín wákàtí kan. Àmọ́ fóònù ni ó jẹ́ kí n tètè mọ̀ pé ọkọ̀ kò ní í wá mọ́, tí mo fi pe ọ̀gá mi. Mi ò lè ṣe àbòsí lórí ìyẹn.

Àwọn ìwé àkókò ńláńlá ti ń lọ, ní tòótọ́. Ìwé Bradshaw ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1839, dópin ní 1961. Ti Thomas Cook, ilé iṣẹ́ tí ń ṣètò ìrìn àjò, tí ó wà láti 1873, dáwọ́ dúró ní 2013, kí díẹ̀ nínú àwọn tí ń ṣe é tó jí i dìde fúnra wọn ní ọdún kejì. Jámánì kò tẹ tirẹ̀ mọ́ láti 2008. Ní Japan, wọ́n ṣì ń tà á lóṣooṣù, ó sì nípọn bíi Bíbélì. Ohun tí mo rí ni pé atúnṣe ojú irin ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àkókò fi ń yí kí ìwé tó ti ilé ìtẹ̀wé jáde.

Onísọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà, Adó-Èkìtì

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin àgbà. Èmi wà lára àwọn tí ń dá irú wàhálà yìí sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Àwọn èèyàn máa ń wá sí sọ́ọ̀bù mi kí n bá wọn ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn àgbàlagbà inú wọn sì máa ń ní kí n tẹ ìwé àkókò náà fún àwọn, nítorí pé bátìrì fóònù kì í tán lára bébà. Ìyá kan wá lọ́dún tó kọjá, mo tẹ̀ ẹ́ fún wọn, mo sì fi ọ̀rá líle bò ó kí omi má baà bà á jẹ́. Igba náírà ni mo gbà lórí ọ̀rá yẹn.

Lẹ́yìn bí oṣù mẹ́fà ni wọ́n padà wá, inú ń bí wọn, nítorí pé àkókò ọkọ̀ ti yí padà. Wọ́n fà á yọ láti inú pọ́ọ̀sì, ó ń dán bí ọjọ́ tí mo ṣe é. Wọ́n ní, "Ṣé ìwọ kọ́ ni o fi ọ̀rá bò ó ni?" Ìgbà yẹn ni ó tó yé mi pé lójú ìyá yẹn, ohun tí wọ́n bá fi ọ̀rá bò, bíi ìwé ẹ̀rí àti káàdì ìdìbò, kì í yí padà mọ́. Mo bẹ̀ wọ́n, mo sì dá igba náírà padà.

Láti ọjọ́ náà, n kì í fi ọ̀rá bo ìwé àkókò ẹnikẹ́ni mọ́, bí ó ti wù kí wọ́n bẹ̀ mí tó. Bíírò pupa ni mo fi ń kọ ọjọ́ tí mo tẹ̀ ẹ́ sí òkè, mo sì ń kọ ọ́ sábẹ́ pé kí wọ́n wá bi mí tàbí kí wọ́n pè mí ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa gbéra. Àwọn kan ń pè, àwọn mìíràn kò pè.

Olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìntì, Ọ̀tùn-Èkìtì

Ẹ ṣeun, ọmọ mi. Mo fẹ́ lọ sí Èkó nígbà ọdún Kérésìmesì. Èmi yóò wá sí Adó ní Ọjọ́bọ̀ tí ń bọ̀ kí ẹ lè tẹ̀ ẹ́ fún mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọjọ́ náà gàdàgbà, ojú mi kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, kí ẹ sì fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Èmi yóò mú pẹ́ńsù tèmi wá.